Ohun Tí Wọ́n Sọ Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Ń Kó Ẹrù Wọn

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí ìyapa àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí mo sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo tún un kọ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi díẹ̀ kún un nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí kún. Ẹni tó ṣe pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ ÌYAPA gàdàgbà, ó wá kọ Gúúsù Amẹ́ríkà sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tó bá tìtorí Yorùbá Nation wá, kó ṣe sùúrù. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti ju àádọ́jọ ọdún lọ, òdìkejì òkun ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwọn tán ná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Bàbá Kékeré, òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé ogun abẹ́lé tí wọ́n jà níbí kò kan ọ̀rọ̀ ẹrú. Ó ní owó orí àti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó kàwé. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo padà sọ fún un ni mo gbé wá síbí lónìí, pẹ̀lú àlàyé púpọ̀ tí òun kò ráyè gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, n'Íbàdàn, ẹ mọ bí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ṣe ń lọ. Ìyàwó tó fẹ́ kọ ọkọ á mú ẹ̀sùn rẹ̀ wá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: kò fún mi lówó oúnjẹ, ó ń lù mí, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá pàdé obìnrin kan náà níbi ìnáwó, ó lè ní ìtàn mìíràn lẹ́nu. Mi ò ní irọ́ ni ìtàn kejì. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá ta kora, ìwé ẹ̀sùn ti kóòtù ni èmi yóò kọ́kọ́ ṣí, nítorí ọjọ́ tó ń kó ẹrù ló sọ ọ́, nígbà tí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Àwọn ará Gúúsù náà kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó wà níta títí dòní, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Ìpínlẹ̀ mọ́kànlá ló yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, ìyapa yẹn ló sì bí ogun abẹ́lé náà. South Carolina ló ṣáájú, ní ìlú Charleston, ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 1860. Ìbò 169 gbè é, ẹyọ kan kò takò ó. Mississippi tẹ̀lé e ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1861, lẹ́yìn rẹ̀ ni Florida, Alabama, Georgia, Louisiana, àti Texas ní ọjọ́ 1 oṣù kejì. Abraham Lincoln, Ààrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn, tí wọ́n torí rẹ̀ ń sá lọ, kò tíì jókòó sórí àga. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta ni wọ́n búra fún un. Àṣẹ kan kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìpínlẹ̀ méje ti lọ.

Mẹ́rin nínú àwọn méje yìí, South Carolina, Mississippi, Georgia àti Texas, kò kàn dìbò kí wọ́n sì lọ sílé. Wọ́n jókòó, wọ́n to ìdí wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ti Mississippi ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Kò tíì rìn jìnnà tó fi sọ pé ibi tí àwọn dúró sí so mọ́ ètò ẹrú níní pátápátá, pé òun ni ohun ìní tó tóbi jù lọ láyé. Texas ní kí aláwọ̀ dúdú máa sin aláwọ̀ funfun ní ilẹ̀ àwọn títí láé. South Carolina to ẹ̀sùn púpọ̀: àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kì í dá ẹrú tó sá padà fún olúwa rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ń bá ẹrú níní jà máa ṣèpàdé ní gbangba, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn dúdú dìbò. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ti yan Ààrẹ tí èrò ọkàn rẹ̀ lòdì sí ẹrú níní.

Ẹ̀sùn mìíràn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Texas ráhùn pé ìjọba àpapọ̀ kò dáàbò bo ààlà òun lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àti àwọn ọlọ́ṣà. Georgia ráhùn nípa owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ti Àríwá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìdí nìyí tí mo fi dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka àwọn ìwé yìí tán, ẹ ó rí i pé àwọn yẹn dà bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sójú ọbẹ̀. Ẹran tó wà nínú ìkòkò kò fara sin.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń ṣiyèméjì, Alexander Stephens wà fún un. Ọmọ Georgia ni, òun ni igbákejì Ààrẹ ìjọba tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montgomery, ní Alabama, Jefferson Davis sì ni Ààrẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1861, ó dìde ní ìlú Savannah, ó ní òkúta igun ilé ìjọba tuntun náà dúró lórí òtítọ́ ńlá kan: pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun, àti pé ẹrú ṣíṣe ni ipò tí a dá mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àwùjọ ń pàtẹ́wọ́.

Wàyí o, ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀. Èyí ni èsì tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, ó sì yẹ kí á fara balẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Ní ọdún 1850, àwọn aṣòfin ní Washington ṣe òfin kan nípa ẹrú tó bá sá. Òfin náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ lè wọ ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lọ mú ẹni náà. Ẹni tí wọ́n mú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì, wọ́n lè pàṣẹ fún un kó wá bá wọn mú un. Adájọ́ kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ yóò gba dọ́là 10 bó bá ní kí wọ́n dá ẹrú padà, dọ́là 5 bó bá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.

Ní oṣù kẹta 1854, wọ́n mú Joshua Glover, tó ti sá kúrò ní Missouri, wọ́n tì í mọ́lé ní Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Àwọn èrò ya bo ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n fọ́ ọ, Glover bọ́ sí Kánádà. Ìjọba àpapọ̀ mú oníwèé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Sherman Booth pé òun ló kó èrò jọ. Kí ni ilé ẹjọ́ Wisconsin ṣe? Ó ní òfin ọdún 1850 yẹn lòdì sí òfin ìpìlẹ̀, kò sì lè múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ òun. Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ponbele nìyẹn! Ní 1859, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington fagi lé ìdájọ́ Wisconsin. Inú àwọn ará Gúúsù dùn sí i. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni àwọn ń jà fún, nígbà tí ìpínlẹ̀ kan lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gba ẹrú kan sílẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ lọ fipá mú un.

Ẹ tún wo òfin ìpìlẹ̀ tí àwọn fúnra wọn kọ ní oṣù kẹta 1861. Ó sọ ní gbangba pé ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ṣe òfin kankan tó máa dín ẹ̀tọ́ níní ẹrú dúdú kù. Ó sì sọ pé ẹni tó bá ní ẹrú lè mú un wọ ìpínlẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá tún gbọ́ "ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀", mo ní kó rọra béèrè: ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni?

Ti owó orí ọjà òkèèrè kò gba àkókò púpọ̀. Òótọ́ ni pé South Carolina fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Ààrẹ Andrew Jackson jà nítorí rẹ̀ ní 1832, John Calhoun, olóṣèlú ńlá kan ní South Carolina, sì ni baba ìsàlẹ̀ ìjà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n parí ìyẹn ní 1833. Ní 1857, wọ́n tún dín owó náà kù pẹ̀lú ìbò àwọn ará Gúúsù, títí tó fi kéré ju bó ti rí fún ogójì ọdún. Èyí tó gòkè, ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1861 ni wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tí ìpínlẹ̀ méje ti yapa, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ wọn sì ti kó ìwé wọn kúrò nílé ìgbìmọ̀. Ẹni tó ti jáde nílé kò lè ní oúnjẹ tí wọ́n sè lẹ́yìn òun ló lé òun jáde.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 1860 gan-an? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìdí, tó di òṣèlú.

Lincoln kò sọ pé òun yóò dá ẹrú kankan sílẹ̀ ní South Carolina. Ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ń sọ ni pé kí ẹrú níní má ṣe wọ àwọn ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹ lè ní, ṣé ìyẹn tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fọ́ orílẹ̀-èdè? Lójú àwọn olóko ńláńlá, ó tó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní 1860, ìpínlẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń lo ẹrú, méjìdínlógún kò lò ó. Bí gbogbo ilẹ̀ tuntun bá ń wọlé láìsí ẹrú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìbò wọn nílé ìgbìmọ̀ kò ní lè dá nǹkan kan dúró mọ́. Ẹrú tó wà nílẹ̀ tó mílíọ̀nù 4, bẹ́ẹ̀ ni òwú tí wọ́n ń gbìn sì ju ìdajì ọjà tí Amẹ́ríkà ń tà sókè òkun lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣírò pé iye tí wọ́n dá lé àwọn ènìyàn yẹn lórí ju owó gbogbo ojú irin àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè náà lọ. Ẹ tún ronú sí ìbẹ̀rù: ní oṣù kẹwàá 1859, John Brown, òyìnbó kan tó kórìíra ẹrú níní, kó àwọn ènìyàn díẹ̀ kọlu ilé ìpamọ́ ìbọn ní Harpers Ferry, ó fẹ́ fún àwọn ẹrú ní ìbọn. Wọ́n so ó kọ́, ṣùgbọ́n oorun kò kun àwọn olóko mọ́.

Ohun mìíràn wà tí wọn kì í sọ sókè. Ààrẹ ló ń yan àwọn olùdarí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 1835, àwọn jàǹdùkú ní Charleston ti dáná sun àpò lẹ́tà nítorí ìwé tó ń bú ẹrú níní wà nínú rẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí Lincoln bá fi ènìyàn tirẹ̀ sí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ìwé ń wọlé, tí àwọn òyìnbó tálákà tí kò ní ẹrú kan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Láàárín ìdílé òyìnbó Gúúsù, àwọn tó ní ẹrú kò tó ìdajì rárá. Ìdí nìyí tí Gómìnà Joseph Brown ti Georgia fi kọ lẹ́tà ní oṣù kejìlá 1860, tó ń sọ fún àwọn tálákà pé bí ẹrú bá di òmìnira, àwọn ni wọn yóò jọ máa du iṣẹ́ àti ilẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹrú, wọ́n fún un ní ohun kan tó lè máa fi yangàn: pé kò sí bó ṣe lè tálákà tó, kò ní di ẹgbẹ́ dúdú.

Àwọn olóríkunkun kan sì wà tí wọ́n ti ń wá ìyapa láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá: Robert Barnwell Rhett ní South Carolina, William Yancey ní Alabama. Yancey ló ṣáájú àwọn tó fi ìbínú jáde ní àpérò ẹgbẹ́ Democrat ní Charleston, oṣù kẹrin 1860, nítorí ẹgbẹ́ kò gbà láti ṣèlérí pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa dáàbò bo ẹrú níní ní gbogbo ilẹ̀ tuntun. (Ẹ rí i? Agbára ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n tún ń béèrè fún.) Ẹgbẹ́ fọ́, olùdíje di mẹ́rin, Lincoln fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò wọlé. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Gúúsù, orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kíá ni wọ́n sáré. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró wò ó, wọ́n ní ojo ni. Stephens tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an ló sọ fún àwọn aṣòfin Georgia ní oṣù kọkànlá 1860 pé kí wọ́n má lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló di igbákejì Ààrẹ tó ń sọ̀rọ̀ òkúta igun ilé. Ní Texas, Gómìnà Sam Houston kọ̀ láti búra fún ìjọba tuntun, wọ́n yọ ọ́ nípò.

Wọ́n tún rán ikọ̀ sí ara wọn. Stephen Hale láti Alabama kọ lẹ́tà sí gómìnà Kentucky ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1860. Bí owó orí bá ni ìdí, ibẹ̀ ló yẹ kó ti tẹnu mọ́ ọn, torí aládùúgbò tí wọ́n fẹ́ fà mọ́ra ló ń kọ̀wé sí. Ohun tó fi dẹ́rù bà á ni pé dúdú àti funfun yóò di ọgbọọgba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jiyàn, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Àtakò méjì ló wà tó lágbára. Èkíní: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 1861, ilé aṣòfin ní Washington fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ kan tó ní ìjọba àpapọ̀ kò ní lè fọwọ́ kan ẹrú níní láé ní ìpínlẹ̀ tó bá ti wà. Bí ọ̀rọ̀ ẹrú bá ni, kí ló dé tí wọn kò padà sílé? Èsì mi ni pé ohun tí wọ́n ní kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kó máa gbòòrò. Àtúnṣe yẹn kò sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ tuntun, ilẹ̀ tuntun sì ni wọ́n ń jà sí.

Èkejì ló le jù. Virginia, Arkansas, North Carolina àti Tennessee kò bá àwọn méje àkọ́kọ́ lọ. Àpérò Virginia tilẹ̀ dìbò tako ìyapa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1861. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun Gúúsù yìnbọn lu Fort Sumter, odi àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní èbúté Charleston. Ọjọ́ 15 ni Lincoln pe ọmọ ogun 75,000. Ọjọ́ 17, Virginia yapa. Ṣé ìpè ogun kọ́ ló lé wọn jáde? Ó wà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka iye ẹrú nínú ìkànìyàn 1860. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní South Carolina, 57 jẹ́ ẹrú. Ní Mississippi, 55. Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ní Virginia, nǹkan bí 31, ní Tennessee àti Arkansas, nǹkan bí 25. Àwọn yẹn ṣe iyèméjì kí wọ́n tó lọ. Kentucky tó nǹkan bí 20, Maryland 13, Missouri 10, Delaware kò tó 2. Àwọn yẹn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà gbọ́ ìpè Lincoln. Ìwọ̀ oòrùn Virginia, lórí òkè níbi tí ẹrú kò ti pọ̀, kọ̀ láti tẹ̀lé ìyókù, ó sì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1863. Ìyapa tún bí ìyapa.

Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 9 ènìyàn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mọ́kànlá yẹn, mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ jẹ́ ẹrú. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní èrò ọkàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní "Gúúsù fẹ́ lọ", ẹ máa rántí pé Gúúsù tí wọ́n ń sọ kò pé.

Àwọn tiwa sì wà nínú wọn. Ní oṣù keje 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda gbé nǹkan bí 110 ènìyàn dé ìtòsí Mobile, ní Alabama, láti Ouidah, lóru, torí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ láti 1808. Olówó kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher ló rán ọkọ̀ náà. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má bàa sí. Ní 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù tó wà nínú odò, òun ni. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó. Èyí tí orúkọ rẹ̀ tàn jù ni Kossola, láti agbègbè Bantè tó wà ní Benin òde òní. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀, Alabama yapa, ìwé tó fi yapa sì pe "àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú" wá sí Montgomery. Ẹ̀sùn èké kọ́ ni mo fi kàn wọ́n. Orúkọ tí wọ́n pe ara wọn nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́. Lọ́dún 1860 yẹn kan náà, ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí, àwọn tí wọ́n mú lójú ogun ń di ẹrú.

Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi tó wà níbí, ẹ má bínú sí mi. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà yapa kúrò lára ti Àríwá ní 1845, ní Augusta, Georgia, lórí ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì? Gúúsù ní ó lè jẹ́. Ìjọ yapa ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìpínlẹ̀ tó yapa. Ìjọ yẹn ló rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, wá sí Badagry ní 1850. Ó dé Ìjàyè, ó dé ìlú yìí. Ilé ìwòsàn tó wà níbí, àti yunifásítì tó wà ní Ìwó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Míṣọ́n yìí náà ló gba ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan, James Churchwill Vaughan, ṣe káfíńtà. Camden ni wọ́n ti bí i, ní South Carolina. Òmìnira ni, ṣùgbọ́n òmìnira tí kò lè dìbò, tí kò lè gbé ojú sókè. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ogun Ìjàyè lé e dé Abẹ́òkúta, wàhálà Abẹ́òkúta lé e dé Èkó, ó di olówó níbẹ̀. Ní 1888, òun àti àwọn mìíràn yapa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ìyapa yẹn, èmi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ogun parí ní 1865, Gúúsù fìdí rẹmi. Ìtàn wá yí ohùn padà. Stephens kọ ìwé, ó ní ìjà lórí irú ìjọba tó yẹ ni, kì í ṣe lórí ẹrú. Davis náà kọ tirẹ̀ ní 1881, ó ní ọ̀rọ̀ ẹrú kàn ṣèèṣì wà nídìí rẹ̀ ni. Ẹrú níní ti di ohun ìtìjú lágbàáyé nígbà yẹn, ta ni yóò fẹ́ sọ pé torí rẹ̀ ni ọmọ òun ṣe kú? Láti 1894, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin àwọn jagunjagun Gúúsù dá sílẹ̀ ń gbé ère wọn kalẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ìwé tí àwọn ọmọ ń kà nílé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni òyìnbó ilé iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ tirẹ̀, bóyá lẹ́nu olùkọ́ tó fẹ́ràn. Oṣù keje 2015 ni South Carolina tó sọ àsíá tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù gbé jà kalẹ̀ ní iwájú ilé ìjọba, lẹ́yìn tí ẹnì kan pa ènìyàn mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú ní Charleston.

Ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín ló kù.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ dìde: "Ṣé Àríwá wá jà láti dá ẹrú sílẹ̀ ni?" Mo ní rárá, sà, kì í ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí Gúúsù fi lọ àti ìdí tí Àríwá fi jà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lincoln sọ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹrú níní níbi tó wà. Àwọn ẹrú fúnra wọn ló yí i padà: ní oṣù karùn-ún 1861, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sá wọ Fort Monroe, odi àwọn ọmọ ogun Àríwá ní Virginia, ọ̀gágun ibẹ̀ kọ̀ láti dá wọn padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì tẹ̀lé wọn. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 180,000 ènìyàn dúdú ti wọ aṣọ ológun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn wá gbé tiwa dé: "Sà, ẹ̀yin ò wá fẹ́ kí Yorùbá ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀?" Gbogbo ilé hó yèè. Mo ní bí ìkọ̀sílẹ̀ ni mo ṣe ń wò ó. Ìwé ẹ̀sùn ni mo máa ń kà kí n tó sọ̀rọ̀. Kó kọ tirẹ̀ wá, kó sọ ohun tó fẹ́ fi òmìnira ṣe àti fún ta ni, èmi àti ẹ̀ yóò jókòó kà á. Ó ní òun yóò kọ ọ́. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Màmá àgbàlagbà kan tí kò sọ nǹkan kan látàárọ̀ ló gbẹ̀yìn. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa tí ọkọ̀ gbé lọ yẹn, kí ló gbẹ̀yìn wọn?" Mo ní Kossola fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nígbà tó darúgbó. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1865 ni, ọdún mẹ́rin géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn lu Fort Sumter. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ létí odò. Àwọn ọmọ ogun Àríwá ń já èso igi kan jẹ nítòsí, wọ́n rí wọn, wọ́n ní ẹ ti di òmìnira, ẹ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n bi wọ́n pé níbo ni kí àwọn máa lọ? Àwọn sójà ní àwọn kò mọ̀, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lọ. Ilé ló wù wọ́n, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Kossola wá tọ Meaher lọ pé kó fún àwọn nílẹ̀ díẹ̀, torí òun ló kó wọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Meaher kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹbí Meaher àti lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n tẹ ìlú kan dó tó wà ní Mobile títí dòní, Africatown.

Màmá ní, "Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jí wọn gbé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.